Alẹ́ ayò nílé: bí ẹ ṣe máa ṣe é tí káàdì ò ní lẹ̀ pọ̀, tí ọ̀rẹ́ ò sì ní bínú lọ

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá láti ìgbà tí mo ti ń pe àwọn ènìyàn wá ta ayò nílé mi n'Ìbàdàn: "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí wọn kì í fi í jókòó ti fóònù wọn?" Àwọn kan ń béèrè iye oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n sè, àwọn mìíràn ń béèrè irú eré tó yẹ kí wọ́n rà. Mo ti dáhùn títí, ó ti sú mi. Ẹ wá kà á níbí.

Ohun mẹ́ta ló ń ba alẹ́ ayò jẹ́: òfin tí ẹnikẹ́ni ò sọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, epo lọ́wọ́ ẹni tó ń mú káàdì, àti àlejò tó jókòó gẹlẹtẹ fún wákàtí kan tí kò rí nǹkan ṣe. Ẹ lè ra ọpọ́n tó wọ́n jù lọ́jà, kí ẹ sì se jọ̀lọ́ọ̀fù tí òórùn rẹ̀ dé òpópónà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá ti wọlé, fóònù ni wọ́n máa gbé jáde.

## Ẹ kọ́kọ́ ka orí

Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ ló rọrùn jù. Bí wọ́n bá ju mẹ́wàá lọ, ó ti di òde nìyẹn, ẹ lọ ya kánópì.

1. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Sátidé ni mo máa ń mú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ sọ àsìkò tí ẹ máa parí náà fún wọn. Ẹni tó ń ronú bí òun ṣe máa rí ọkọ̀ wọ̀ padà sílé kò lè fọkàn sí ayò. (Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dé ní mẹ́rin, ẹ mọ ohun tí ẹ máa kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa.)
2. Ẹ béèrè ohun tí kálukú kì í jẹ. Ta ni kì í fẹnu kan ọtí? Ta ni ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu tí kò gbọdọ̀ jẹ ata?
3. Ẹ béèrè eré tí kálukú mọ̀, àti èyí tó ń wù ú láti kọ́. Èsì yìí ló máa sọ ohun tí ẹ máa gbé kalẹ̀.
4. Bí ẹ bá jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn ayálégbé mìíràn, ẹ lọ kí wọn lọ́jọ́ kan ṣáájú: "Ẹ̀gbọ́n, a máa pariwo díẹ̀ lọ́la o, ẹ má bínú." Mo máa ń gbé abọ́ gúgúrú lọ fún ìyá tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Kò tíì bá mi jà rí.

## Eré wo ni ẹ máa gbé kalẹ̀?

Ìkìlọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ má gbé èyí tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ́ ọ̀ta rẹ̀ (ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù) kalẹ̀. Onílé tó ń na gbogbo àlejò rẹ̀ láti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní rí wọn mọ́.

### Ayò ọlọ́pọ́n

Ọpọ́n ní ihò méjìlá, mẹ́fà níhà yín, mẹ́fà níhà ẹni kejì. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan, 48 ni gbogbo rẹ̀. Fún ẹni tí kò ta á rí, ẹ ṣàlàyé báyìí:

1. Kó gbogbo ọmọ tó wà nínú ihò kan níhà tìrẹ. Máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ihò tó tẹ̀ lé e, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, kí o sì yí wọ ìhà ẹni kejì.
2. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò ẹni kejì, tí ihò náà wá di méjì tàbí mẹ́ta, o ti jẹ ẹ́. Wo ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀: bí òun náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì wà níhà ẹni kejì, kó o. Máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí wàá fi kan èyí tí kì í ṣe méjì tàbí mẹ́ta.
3. Bí ihò kan bá ti ní ọmọ méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí o sì ń tú odù náà, fo ihò tí o ti kó o nígbà tí o bá yí dé ibẹ̀.
4. Má febi pa ẹni kejì. Bí ìhà tirẹ̀ bá ti ṣófo, èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ta, bí o bá ní irú rẹ̀.
5. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. Bí ó bá jẹ́ 24 sí 24, ọ̀mì ni.

Ibi méjì ni ìjà ti ń wá nínú ayò. Àkọ́kọ́: kí ló ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá ta èyí tó máa jẹ gbogbo ọmọ ẹni kejì tán lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ ta á rárá. Àwọn kan ní ó lè ta á ṣùgbọ́n kò ní rí nǹkan kó. Èkejì: ṣé ènìyàn lè fọwọ́ kan ọmọ inú odù kí ó tó ta, láti kà á? Nílé mi, a kò gbà á, ojú ni kí o fi kà. Ẹ̀yin lè gbà á, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ ti sọ ọ́.

Ìṣòro ayò ni pé ènìyàn méjì ló ń ta á. Àwọn mẹ́fà tó kù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá pòfo dìde, kí ẹlòmíràn jókòó, kí ẹni tó borí má sì ju ìgbà mẹ́ta lọ lórí ìjókòó kí òun náà tó sinmi. Ẹ má sì pa àwọn tó ń wòran lẹ́nu mọ́. Ìdajì adùn ayò wà nínú bí ọ̀ta ṣe ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, tí òpè náà ń dá a lóhùn, tí àwọn tó yí wọn ká ń rẹ́rìn-ín. Òǹwòran lè sọ ohun tó bá wù ú, bí kò bá ṣáà ti na ìka sí ihò tó yẹ kí wọ́n ta.

Bí ẹ kò bá ní ọpọ́n, ẹ wá páálí ẹyin, èyí tó ń gba ọgbọ̀n ẹyin. Ìlà márùn-ún tó ní ihò mẹ́fà-mẹ́fà ló wà níbẹ̀: ẹ gé ìlà méjì nínú wọn, ọpọ́n ti dé. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èkùrọ́ ni kí ẹ fi ṣe ọmọ. Ẹ̀wà kéré jù, ìka ò ní rí i mú dáadáa. Bí ẹ bá gbé ọpọ́n sórí aṣọ tó nípọn, ariwo rẹ̀ máa dínkù, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì sùn.

### Whot

Òun ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn alẹ́ náà nígbà gbogbo. Ẹni tó pẹ́ dé lè wọlé nígbà tí ẹ bá tún káàdì pín, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè na bàbá àgbà, eré kan kì í sì í pẹ́.

Káàdì 54 ló wà nínú páálí kan. Bí a ṣe ń ta á ní Nàìjíríà:

- 1: ẹni tó jù ú sílẹ̀ tún máa ta lẹ́ẹ̀kan sí i.
- 2: ẹni tó kàn máa mú méjì.
- 5: ẹni tó kàn máa mú mẹ́ta.
- 8: ẹ fo ẹni tó kàn.
- 14: gbogbo àwọn yòókù lọ sọ́jà (ìdì káàdì tí a kò pín), ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
- 20: Whot fúnra rẹ̀, ẹ béèrè àwòrán tó bá wù yín.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìṣirò yìí. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ tí ẹ sì pín márùn-ún-márùn-ún, 40 ti lọ, 14 péré ló kù lọ́jà. Ẹnìkan á ju 14 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọjà ti tú. Mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ pín, tàbí kí ẹ da páálí méjì pọ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé lórí: ṣé ẹni tí wọ́n ju 2 sí lè fi 2 mìíràn gbèjà ara rẹ̀? Kí ni ìyà ẹni tó gbàgbé láti kígbe pé káàdì kan ló kù òun lọ́wọ́? (Méjì láti ọjà, nílé tèmi.) Bí ọjà bá tán, ṣé ẹ máa tún èyí tó wà nílẹ̀ pò, àbí ẹ máa ka iye tó wà lọ́wọ́ kálukú? Bí ẹ bá máa kà á, ẹ rántí pé káàdì oníràwọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì.

### Lúdò

Lúdò ló dára jù fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ilé jọ wà nídìí eré kan. Àwọ̀ mẹ́rin ló ní, ẹ pín ara yín ní méjì-méjì sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mẹ́jọ ti wọlé. Ọ̀kan ń da dáìsì, èkejì ń gbé ọmọ, tí wọ́n bá sì yí dé, wọ́n pààrọ̀. Ẹ má pín tọkọtaya sí ẹgbẹ́ kan náà bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín gidi.

Dáìsì méjì ni a ń lò, mẹ́fà ló sì ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ kọ́kọ́ sọ èyí: bí ọmọ mi bá pa ọmọ rẹ, ṣé ọmọ mi lọ sílé tààrà, àbí ó dúró síbẹ̀? Mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ ogún ọdún tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi ife gbọn dáìsì náà, kì í ṣe ọwọ́, nítorí ọwọ́ àwọn kan mọ iṣẹ́ jù. Dáìsì tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ tún un dà.

### Dráàfù

Ènìyàn méjì, ìdákẹ́jẹ́, àsìkò tó gùn. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n méjì tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ kan bá sọnù, ìdérí ìgò tó ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

### Scrabble, ṣùgbọ́n ní Yorùbá

Ní ọdún 2015, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, òun sì ni ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun "kàn máa ń ta á díẹ̀díẹ̀." Eré Scrabble kan lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin péré ló sì ń gbà, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbé e jáde fún ọ̀pọ̀ èrò.

Àmọ́ tí èrò bá kéré, ẹ dán tiwa wò:

1. Yọ C, Q, V, X àti Z kúrò. Méje ni wọ́n, Yorùbá kò lò wọ́n.
2. K ẹyọ kan péré ló wà nínú àpótí ti Gẹ̀ẹ́sì, J náà ẹyọ kan. Ẹ wo iye K tó wà nínú ọ̀rọ̀ wa! Ẹ lẹ bébà mọ́ ojú àwọn méje tí ẹ yọ, kí ẹ kọ K sí mẹ́ta, J sí ọ̀kan, B sí ọ̀kan, W sí ọ̀kan, Y sí ọ̀kan.
3. E dúró fún E àti Ẹ, O fún O àti Ọ, S fún S àti Ṣ. Ẹ fi àmì ohùn sílẹ̀.
4. GB jẹ́ lẹ́tà méjì lórí pátákó. Ẹ má jiyàn lórí èyí, mo bẹ̀ yín.
5. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀ gbọ́dọ̀ fi í sínú gbólóhùn kan. Orúkọ ènìyàn kò sí níbẹ̀, torí bí ẹ bá gbà á, eré ò ní tán.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé àwọn màmá àgbà tí kì í sún mọ́ Scrabble tẹ́lẹ̀ ló máa borí.

## Òfin ilé

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú bí ẹ kò bá mú nǹkan mìíràn. Gbogbo wa la mọ Whot àti lúdò, ṣùgbọ́n kálukú mọ ti ilé tirẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn àti ẹni tó dàgbà n'Ílọrin lè jókòó sí ìdí ọpọ́n kan náà kí wọ́n máa ta eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń ṣe èrú. Wọn ò jọ kọ́ ọ ni.

1. Ẹ kọ òfin eré kọ̀ọ̀kan sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìlà márùn-ún tó.
2. Ẹ kà á sókè kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá ní àtakò sọ ọ́ nísinsìnyí.
3. Ẹ yan adájọ́ kan tí kò sí nínú eré tó ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó bá sọ, abẹ ti gé e.
4. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yọjú tí kò sí lórí bébà, ẹ ju owó ẹyọ sókè, kí ẹ máa bá eré lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi owó ta á. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní "ọgọ́rùn-ún náírà péré ni", ṣùgbọ́n ojú ẹni tó pàdánù ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́ẹ̀mẹ́fà kì í dára mọ́. Kí ẹni tó pòfo lọ pọnmi, kó fọ abọ́, kó kọrin kan, tàbí kó ki oríkì ẹni tó nà án. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Tí àgbà bá ṣe èrú ńkọ́? Wọ́n ń béèrè èyí gan-an. Ẹ má ṣe sọ pé "Ẹ ń rẹ́ wa jẹ" fún bàbá ẹni. Ẹ ní: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ tún un kà, ojú mi ló ń ṣe bákan." Wọ́n á gbọ́, wọ́n á dá ọmọ ayò náà padà, wọ́n á sì ní ojú yín ò dára lóòótọ́. Fún àbúrò yín, "Dá a padà" ti tó.

## Oúnjẹ

Ohunkóhun tó bá fi epo sílẹ̀ lọ́wọ́ kì í jókòó ti káàdì. Torí náà, ọ̀nà méjì ni mo pín oúnjẹ sí: ìpanu gbígbẹ tó máa wà nítòsí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti oúnjẹ gidi tí a máa dá eré dúró fún.

Nítòsí eré:

- ẹ̀pà yíyan àti gúgúrú
- ìpékeré tí epo rẹ̀ ti gbẹ dáadáa
- kókóró, ṣin-ṣín
- àgbọn tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́
- ọ̀pẹ̀yìnbó àti ìbẹ́pẹ tí ẹ ti gé, pẹ̀lú igi ìtayín

Nígbà ìsinmi, lórí tábìlì mìíràn:

- jọ̀lọ́ọ̀fù (kóńgò ìrẹsì kan tó ènìyàn mẹ́jọ, ó sì máa ṣẹ́kù)
- mọ́ínmọ́ín eléwé, méjì-méjì fún ẹnìkan
- sùyà tàbí àsun

Ẹ se mọ́ínmọ́ín ní àárọ̀, kí ẹ sì gbé ìrẹsì kaná kí ènìyàn àkọ́kọ́ tó dé. Onílé tó wà nídìí ààrò ní aago márùn-ún kò gbàlejò, ó ń se àsè. Sùyà ni kí ẹ rà kẹ́yìn, kí ó gbóná bọ̀. Ẹ sọ fún mọ̀lá kí ó dá yájì sọ́tọ̀ sínú bébà. Mo kọ́ èyí lọ́nà tó nira: ọ̀rẹ́ mi kan jẹ sùyà tán, ó gbá Whot mú, inú rẹ̀ dùn, ó sì fi ìka nu omijé ayọ̀. Omi la fi bọ́jú rẹ̀ títí eré fi parí.

Iyán, ẹ̀bà àti àmàlà ńkọ́? Ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó ti jẹ iyán yó kì í ta ayò mọ́, oorun ló ń ta. Dòdò àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù lè wá, bí ẹ bá lè gbà kí kálukú fi igi ìtayín tàbí fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un bí ẹ bá ti ṣẹ́jú.

Ẹ gbé abọ́ omi, ọṣẹ àti aṣọ ìnuwọ́ sí ẹnu ọ̀nà tó ti ibi oúnjẹ wá síbi eré. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó fọwọ́.

## Ohun mímu

Omi tútù kọ́kọ́, kó pọ̀. Lẹ́yìn náà, sobo, torí ó wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò sì ga. Fún ènìyàn mẹ́jọ:

1. Ẹ mú sobo gbígbẹ ife méjì, ẹ yára ṣàn án nínú omi kí yanrìn rẹ̀ lè lọ.
2. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi lítà mẹ́ta, atalẹ̀ tí ẹ ti gún, kànáfùrù mẹ́fà, àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ ti fọ̀ dáadáa.
3. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ pa iná, kí ẹ dé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
4. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ṣúgà tàbí omi ọ̀pẹ̀yìnbó sí i bó ti wù yín. Ẹ gbé e sínú fíríìjì.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ṣe é fún ọjọ́ Sátidé. Bí iná bá lọ fún àkókò gígùn, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó bù ú fún àlejò, torí ó máa ń kan. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti aláboyún, ẹ fún wọn ní nǹkan mìíràn. Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin fúnra yín: àwọ̀ sobo kì í kúrò lára aṣọ funfun, bẹ́ẹ̀ ni kì í kúrò lára ọpọ́n lúdò.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹmu, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ rà á. Èyí tó dùn bí oyin ní òwúrọ̀, ó ti le ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má dé ìdérí rẹ̀ pa, torí ó máa ń bú gbàmù. Ẹni tó bá máa wakọ̀ lọ sílé, máàtì ni tirẹ̀, ẹ má bá a dúnàádúrà.

Ife gbogbo kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì eré. Ẹ gbé àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan sáàárín àga méjì-méjì, ibẹ̀ ni ife ń gbé.

## Yàrá àti iná

Tábìlì méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan fún eré tó gùn, èkejì fún eré tó yá. Ẹ wo ibi tí fáànù ń fẹ́ sí, káàdì Whot fúyẹ́, ó máa ń fò.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé NẸ́PÀ. Ẹ fi iná sínú àtùpà oníbátìrì láti àárọ̀, ẹ gbé ọ̀kan sí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá máa tan jẹnẹrétọ̀, kí ó wà níta, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ má gbé e sí kọ́ríídọ̀, ẹ má gbé e sí ibi ìdáná, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn. Oorun ló máa kọ́kọ́ gbé ènìyàn lọ.

Àwọn ọmọ kéékèèké: ọmọ ayò àti dáìsì dà bí súwíìtì lójú ọmọ ọdún méjì, ó sì lè há a lọ́fun. Ẹ gbé ọpọ́n ga, kí ẹ wá ẹni tó máa pa àlọ́ fún wọn nínú yàrá.

## Bí alẹ́ náà ṣe máa ń lọ nílé mi

- Mẹ́rin sí márùn-ún: Whot, bí wọ́n bá ṣe ń dé ni wọ́n ń wọlé. Ìpanu àti omi.
- Márùn-ún: ẹ ka òfin ilé, ẹ pín sí tábìlì méjì. Ayò níhìn-ín, Whot lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ẹ pààrọ̀.
- Bí oòrùn bá ń wọ̀: ìsinmi àti oúnjẹ gidi. Mo fi í síbí nítorí àwọn tó máa kí ìrun mọ́gàríbì. Ẹ ti tẹ́ ẹní sí yàrá kan, kí omi àlùwàlá sì wà.
- Bí gbogbo ọwọ́ bá ti mọ́: lúdò ní méjì-méjì, gbogbo ilé.
- Mẹ́jọ ààbọ̀: àwọn méjì tó jẹ jù nídìí ayò wá kojú ara wọn. Gbogbo ènìyàn yí wọn ká.
- Mẹ́sàn-án: ó parí. Ẹ parí nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ wọn.

## Àṣìṣe tí mo ń rí nílé àwọn ẹlòmíràn (àti tèmi)

Eré tuntun mẹ́ta lálẹ́ kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ wọn, kí ó sì jẹ́ ṣáájú oúnjẹ.

Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní títàn. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́jọ́ náà, ẹ yí ọjọ́ padà. Ẹ kò lè borí rẹ̀.

Òpè tí ẹnikẹ́ni ò ràn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n fún eré àkọ́kọ́, kí wọ́n jọ ta á. Yẹ̀yẹ́ máa wáyé lẹ́yìn ìyẹn.

Onílé tó ń sáré kiri. Ẹ yan ẹnìkan fún omi, ẹnìkan fún abọ́. Àlejò fẹ́ràn kí wọ́n rán an níṣẹ́ díẹ̀, ó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀.

## Kí wọ́n tó wọ bàtà

1. Ẹ ka ọmọ ayò: 48. Ẹ ka káàdì: 54. Dáìsì méjì, ọmọ lúdò mẹ́rìndínlógún.
2. Bí ó bá dín, kí gbogbo ènìyàn dìde, kí ẹ gbé tìmùtìmù àga. Abẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà.
3. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu káàdì tó bá lẹ̀, ẹ sá a sí òjìji títí á fi gbẹ, kì í ṣe sínú oòrùn, torí ó máa ká.
4. Ẹ di jọ̀lọ́ọ̀fù tó ṣẹ́kù fún ẹni tó ń gbé jìnnà jù.
5. Ẹ ya fọ́tò bébà òfin tó wà lára ògiri. Wọ́n máa jiyàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún dé.